Iṣẹ́ Tí Hendrik Rán Mi sí Dulo

Analiza, pa fáànù yẹn, ariwo rẹ̀ ju ohùn mi lọ. Ẹ̀yin ọmọ ibi iṣẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ wá, ẹ ṣeun búrẹ́dì, ẹ ṣeun ọsàn. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ ní ọ̀gá yín tuntun, ará Korea yẹn, pariwo mọ́ yín lójú gbogbo ayé, ẹ ò sì lè kojú rẹ̀, ẹ fẹ́ kí n ṣe alárinà yín. Ẹ ní ta ni ẹ tún máa rán bí kò ṣe Mọ́mì Bising, ẹni tí kì í fi kún ọ̀rọ̀, tí kì í yọ kúrò níbẹ̀. Háà! Nígbà tí ẹ ń sọ ọ́, ilẹ̀ ni mo ń wò. Ẹ ò ní rán mi. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ tán, ẹ ò ní rán mi ra iyọ̀ pàápàá. Dókítà ti sọ pé kíndìnrín mi ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ sì ti sú mi. Mi ò fẹ́ gbé èyí wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ jókòó. Analiza, ìwọ gan-an, gbé abọ́ yẹn sílẹ̀. Ìwọ lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, ìwọ àti bàbá rẹ tó ń tún àga mi ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Má tíì pè é. Jẹ́ kí ẹnu mi kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Gbogbo Mandaue, ìlú wa yìí, ló mọ̀ pé Dulo, bàbá rẹ, ṣẹ̀wọ̀n. Ohun tí gbogbo Mandaue mọ̀ ni pé Dulo mutí yó lọ́jọ́ ọdún àdúgbò, orí rẹ̀ gbóná, ó sì fi àdá ṣá òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Irọ́ ni. Kì í ṣe ọtí, kì í sì í ṣe orí gbígbóná. Èmi ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ti wá bá a lónìí, lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo dùbúlẹ̀ sí yìí.

Ní ayé ìgbà yẹn, kò sí ìjà kan ní ibi iṣẹ́ àga Misis Ludivina tí kì í gba ọwọ́ mi kọjá. Ẹ mọ bí àwa ṣe rí níbí. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, o ò ní sọ ọ́ sí mi lójú. Wàá rẹ́rìn-ín sí mi, wàá sì rán ẹnì kan. Ẹni yẹn á wá bá mi mu kọfí, á béèrè ọmọ, á béèrè òjò, ìgbà tó bá dìde tó ń wá bàtà rẹ̀ ni yóò wá sọ pé, "Ó mà dà bí ẹni pé inú lágbájá ò dùn o." Èmi ni ẹni yẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá le, mo máa ń rọ̀ ọ́ kí n tó sọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe. Èmi ni olórí àwọn obìnrin tó ń hun pankẹ́rẹ́, Dulo ló ń fi iná tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó mọ pankẹ́rẹ́ tẹ̀ bí i tirẹ̀; yóò gbé e sórí iná, yóò fi etí gbọ́ ọ, yóò sì rọra fà á títí yóò fi ká. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Rufina, bí Analiza yìí, èmi ni mo gbé e lọ síwájú fadá. Ìyá ìsàmì rẹ̀ ni mí. Ní ìlú wa, ìyẹn ju ẹbí lọ.

Misis Ludivina ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé èmi ni òun máa fi ṣe alábòójútó gbogbo ibi iṣẹ́. "Bising, ta ló tún kù?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Mo ti ń wo yàrá kékeré tó ní ẹ̀rọ amúlétutù yẹn, mo ti mọ ibi tí mo máa gbé àwòrán Santo Niño, Jésù ọmọdé, sí nínú rẹ̀. Àfi bí ó ṣe di ọjọ́ kan tí ó mú òyìnbó kan wọlé, ará Holland, ó ní, "Ẹ kí Sà Hendrik. Òun ni alábòójútó yín." Ó ga, ó tín-ín-rín, etí rẹ̀ máa ń pọ́n bí oòrùn bá ti kàn án. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó rọrùn fún mi. Bó bá jẹ́ agbéraga ni, ǹ bá máa sùn dáadáa! Ilẹ̀ ló ń jókòó sí pẹ̀lú àwọn obìnrin mi tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun àga. Ọwọ́ ló fi ń jẹ ẹja gbígbẹ. Bí èdè wa bá tàsé lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín dákú, òun náà á máa rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé orí tábìlì mi ló ti máa ń kọ́kọ́ gbé ìrẹsì inú ewé àgbọn kalẹ̀ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan ó gbé e kọjá mi. "Sà Hendrik, ẹ wá jẹun o!" Mo ní, "Ṣé èmi ti yó ni?" Ó fi ẹ̀rín dá mi lóhùn: "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ará ilé ni yín, àlejò ni tiwọn." Àlejò! Àlejò tó ti gba yàrá mi. Kò pẹ́, àwọn méjì jà lórí ìtì pankẹ́rẹ́ kan. Mo ti ń tún irun ṣe kí wọ́n lè wá rán mi. Wọn ò wá. Òyìnbó ti pe àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì kan, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ sí ara wọn lójú, wọ́n sunkún, wọ́n dì mọ́ ara wọn, ó tán. Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí, mo ń hun, mo fà á le débi pé ó já mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gba ipò mi, mo fara dà á. Ó wá ń gba ìdí tí wọ́n fi ń pè mí lénìyàn.

Ṣùgbọ́n ti Dulo ló pa mí. Òun àti òyìnbó di kòríkòsùn. Bí iṣẹ́ bá parí, wọn ò ní lọ sílé, wọ́n á jókòó ti iná, ọ̀kan á máa tẹ pankẹ́rẹ́, èkejì á máa gbẹ́ igi. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni Hendrik kó tó di ọ̀gá. Rufina wá bí ọmọkùnrin, Elmer tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi báyìí. Mo ti ra aṣọ funfun ìsàmì, mo ti lọ̀ ọ́, mo ti ká a sínú ọ̀rá. Dulo wá bá mi pẹ̀lú ìtìjú, ó ń họ orí. "Ẹ̀gbọ́n, Sà Hendrik la ní kó gbé ọmọ yìí o. Lọ́jọ́ ọdún àdúgbò ni. Ẹ̀yin náà á wà níbẹ̀ dandan. Ẹ̀yin lẹ máa bójú tó oúnjẹ." Oúnjẹ! Èmi Bising! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ á jẹ́ orúkọ." Mo délé, mo fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ funfun náà wẹ́wẹ́, mo sì fi ń nu àwo. Analiza, má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ṣì kù.

Ọjọ́ kan ni àwọn oníbàárà wá láti òkè òkun. Ọ̀kan jókòó sórí àga tí Dulo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ẹsẹ̀ àga yà, ọkùnrin náà fìdí balẹ̀. Ojú ti Hendrik níwájú àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì yí ìtìjú náà lé Dulo lórí. "Dulo! Ṣé ojú ẹ ò ríran ni? Iṣẹ́ ọmọdé nìyí!" Ó gbé àga náà jù sí i lẹ́sẹ̀. Rufina wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ wá, ó gbé ọmọ tuntun dání. Ẹ̀yin ò tíì rí irú rẹ̀ rí, àfi èyí tí ará Korea yẹn ṣe fún yín. Nílùú wa, ẹ lè gba ilẹ̀ ọkùnrin, kó bá yín ṣe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ bú u níwájú ìyàwó rẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀rín ni Dulo rín. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Sà." Ó pa iná rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó gba ilé lọ. Nígbà tí òyìnbó rí ẹ̀rín, ó rò pé ó ti tán.

Bàbá Isko tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló là á lóye. Mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Sà, bí ọmọ ibí bá ń pariwo, ẹ má bẹ̀rù. Ìgbà tó bá rẹ́rìn-ín tó sì dákẹ́ ni kí ẹ máa ṣọ́ra yín. Ẹ má gba àdúgbò rẹ̀ kọjá. Ẹ má dé ibi tó bá ti ń mu ẹmu. Ẹ má sì ní ẹ fẹ́ bá a sọ ọ́ lójúkojú o, ìwà ilẹ̀ yín nìyẹn. Ẹ wá alárinà." Òyìnbó ní, "Ta ni?" Isko ní, "Ẹ ń béèrè? Mọ́mì Bising nìyí." Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe fi ẹ̀mí ènìyàn méjì lé mi lọ́wọ́.

Ó pè mí sínú yàrá yẹn, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní òun ti yẹ àga náà wò, kì í ṣe Dulo ló jẹ̀bi, òun fúnra òun lòun yí ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ padà tóun ò sọ. "Misis Bising, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé èmi ni mo ṣì í. Ẹ ní mo máa wá tọrọ àforíjì níbi tí mo ti bú u gan-an, lójú gbogbo wọn. Ẹ ní ojú ń tì mí débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi." Ó wá mú nǹkan kan jáde tó fi aṣọ wé. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó pankẹ́rẹ́ ni, èèkù rẹ̀ igi dúdú, ó dán, ó tẹ̀ sí apá kan. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbẹ́ ẹ. Gbogbo ọ̀bẹ ibi iṣẹ́ yìí, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Dulo ń yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kó tó lè fi gé nǹkan, ó sì ń dùn ún." Ẹ̀yin ènìyàn! Mo ti bá Dulo ṣiṣẹ́ kí òyìnbó tó mọ̀ pé ìlú wa wà láyé. Mo gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ìsàmì. Mo mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni, gbogbo wa la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sì fìgbà kan rí i pé ọwọ́ ń dùn ún. Ẹni àná ló rí i. Ibẹ̀ gan-an ni owú ti gún mi dé egungun. Mo gba ọ̀bẹ náà, mo fi sínú báàgì mi, mo ní, "Màá jẹ́ ẹ bí ẹ ṣe rán mi."

Mo dé ilé Dulo. Rufina po kọfí fún mi, ó bu ẹja sí àwo. Dulo ò béèrè nǹkan kan. Orúnkún mi ló béèrè, ó béèrè bóyá òjò ti wọ òrùlé mi. Ó ń dúró dè mí bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo dìde tí mo ń wá bàtà, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n rán yín ni?" Ohùn rẹ̀ ń bẹ̀ mí ni. Ó fẹ́ kí n sọ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Kò fẹ́ jà. Bí mo bá ti sọ ìdajì ohun tí òyìnbó wí, inú rẹ̀ ì bá ti rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ní, "Wọ́n rán mi o, Dulo. Ẹnu mi ni kò fẹ́ sọ ọ́." Ó ní kí n sọ ọ́. Mo ní, "Ó ní bí o bá ṣì fẹ́ iṣẹ́, kí o wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níbi tí òun ti bú ọ gan-an, lójú gbogbo wọn." Ẹ wò ó, mi ò tilẹ̀ wá irọ́ jìnnà. Ohun tí òyìnbó ní òun máa ṣe fún Dulo ni mo ní kí Dulo ṣe fún òyìnbó. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Rufina ní, "Ìsàmì ọmọ mi ńkọ́?" Ó yẹ kí n dákẹ́. Èyí tí mo ti sọ tó láti ba ayé wọn jẹ́. Mo ní, "Ó ní òun ò gbé ọmọ ọ̀lẹ." Jésù, ẹ ṣàánú mi! Kò sẹ́ni tó fi èyí sí mi lẹ́nu. Ẹnu mi ló bí i. Dulo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé ọmọ yìí. Àwa la ò gbọ́n, ẹ̀yin ni à bá ti mú láti ìbẹ̀rẹ̀." Inú mi sì dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, inú mi dùn! Mo rìn lọ sílé pẹ̀lú ọ̀bẹ yẹn tó ń gbá mi nítan nínú báàgì, mo sì ń kọrin.

Lọ́jọ́ kejì òyìnbó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà lọ́dọ̀ Isko. "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní kò sí nǹkan kan mọ́." "Ọ̀bẹ ńkọ́? Ṣé ó bá a lọ́wọ́ mu?" Mo ní, "Rẹ́gí." Ó fọwọ́ bo ojú, ó mí kanlẹ̀. "Ṣé mo ṣì lè wá síbi ìsàmì?" Ǹ bá ti sọ pé kó má wá. Mo ní, "Wọ́n ń retí yín. Ẹ gbé aṣọ ọmọ dání, bàbá ìsàmì ló máa ń rà á." Isko tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Bising, ṣé ó dá ẹ lójú? Ẹmu máa pọ̀ níbẹ̀ o." Mo ní, "Isko, ṣé ìwọ ni alárinà ni àbí èmi?" Ó yí padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ní òtítọ́ Ọlọ́run, mi ò ro ti ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fún un ní àga, kó rí mi níbi tó yẹ kó wà, kó mọ bí ó ṣe ń rí lára, kó sì padà sí ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń da epo síná tó ń sọ fún iná pé ibi báyìí ni kí o jó mọ?

Ọjọ́ ọdún pé. A ti ṣe ìsàmì dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo gbé Elmer, mo jókòó síwájú. Wọ́n ti yan odindi ẹlẹ́dẹ̀, Dulo ló ń fi àdá gé e. Àwọn ọkùnrin jókòó yí ẹmu àgbọn ká, ife kan ṣoṣo ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ni Hendrik bá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n, ó fi ọwọ́ òsì gbá aṣọ funfun mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dulo! Ọ̀rẹ́ mi!" Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mutí ní, "Ó wá wò ó bóyá a ti kúnlẹ̀ ni." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú Dulo yí padà. Ó ní, "Ìwọ! O tún wá fi mí ṣẹ̀sín nínú ilé mi? Lójú ọmọ tí o ní o ò ní gbé?" Òyìnbó ò gbọ́ èdè náà délẹ̀. Ó wò wọ́n, ó wò yíká títí ojú rẹ̀ fi bá mi. "Misis Bising, kí ló ń wí?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Bí mo bá ti pariwo pé, "Dulo, irọ́ ni mo pa!" àdá yẹn ì bá padà sí ara ẹlẹ́dẹ̀. Òyìnbó ń wò mí. Dulo náà yíjú sí mi, bí ẹni pé òun náà ń retí kí n sọ nǹkan. Mo wo ojú ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ẹ máa bi mí pé èwo ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀: irọ́ àkọ́kọ́ ni, àbí irọ́ kejì? Fìlà yẹn ni. Hendrik tún sún mọ́ Dulo, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà. Àdá bọ́ sórí ọwọ́ náà. Mo gbọ́ igbe Rufina. Nígbà tí mo gbójú sókè, aṣọ ọmọ ti bọ́ sílẹ̀, kò funfun mọ́.

Kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn ò di ọ̀bẹ mú mọ́ láyé. Mo lọ wò ó ní ọsibítù, mo gbé ọsàn lọ, ẹ wo ojú mi o. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ jíṣẹ́ mi fún un?" Mo ní, "Mo jẹ́ ẹ." "Ṣé ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́." Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "A jẹ́ pé mi ò mọ̀ yín rí, gbogbo yín." Ohun tó gbé lọ sí ilé rẹ̀ nìyẹn. Mo tún lọ wo Dulo lẹ́wọ̀n. Ó di irin mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ni kò yé mi. Aṣọ ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fini ṣẹ̀sín, ṣé ó máa ń ra aṣọ ọmọ wá?" Mo ní, "Òyìnbó ni, Dulo. Ta ló mọ inú wọn?" Ó gbà á, torí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Mo wá rí gbogbo ohun tí mò ń wá. Misis Ludivina fún mi ní yàrá yẹn. Rufina lọ di ọmọ ọ̀dọ̀ ní Hong Kong kó lè rí owó fi tọ́jú ọkọ àti ọmọ, ọ̀dọ̀ mi ni Analiza àti Elmer dàgbà sí. Gbogbo àdúgbò ń pariwo mi: ẹ wo ìyá ìsàmì rere! Analiza, láàárọ̀ yìí o fọ ẹsẹ̀ mi, o ní, "Ìyá Ìsàmì, kí ni ǹ bá ti ṣe láyé láìsí yín?" Ò bá ti ní bàbá nílé, ọmọ mi. Ìyá rẹ ì bá má fi àgbà ara fọ ilẹ̀ ilé onílé. Bàbá rẹ wá jáde lẹ́wọ̀n, ó ti hewú, kò bi mí ní ohun kan ju pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló bàjẹ́ nílé yín tí mo lè tún ṣe?" Ìgbà gbogbo tó bá ń tún àga mi ṣe, ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe é, yóò yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, yóò sì dúró díẹ̀ kí ìrora náà lọ. Èmi máa ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Mo ti ní kí n kú pẹ̀lú àṣírí yìí. Àfi bí Misis Ludivina ṣe wá kí mi nígbà òjò, tó sọ fún mi pé Hendrik ti kú ní ìlú rẹ̀. Ó ní ìgbàkígbà tó bá ti pe òun lórí fóònù, ohun tó máa ń béèrè ni bóyá wọ́n ti dá Dulo sílẹ̀. Ẹ tún gbọ́ ìwà mi o: ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, Dulo náà ló tún béèrè, kò béèrè mi! Ẹni tó kú! Mo ń jowú òkú! Ìgbà náà ni ẹ̀rù ara mi bà mí. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ṣẹ̀ ti lọ láìgbọ́ ọ. Ẹyọ ẹnì kan ló kù, ó sì wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yin ọmọdé, ará Korea yín yẹn, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí i títí ẹ ó fi mọ ohun tó wà nínú ẹni tí ẹ ń rán. Ẹ̀rín ojú alárinà kọ́ ni ẹ máa wò. Ẹ wò ó bóyá ìjà yín ń fún un ní ohun kan jẹ. Bóyá ọ̀gá yín náà, níbi tó wà, ń wá ẹni tó máa bá a sọ pé ẹ má bínú. Bí ẹ bá sì rí i pé inú ẹ̀yin fúnra yín ń gbóná nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ẹlòmíì, ẹ sá fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má gbé e lẹ́nu, ẹ má bá wọn jíṣẹ́. Owú yẹn ló mú mi dé ibí.

Analiza, nu ojú rẹ. Ọ̀bẹ náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mú un fún mi, má tú aṣọ rẹ̀. Ó ṣeun. Lọ pe bàbá rẹ. Má sọ ohunkóhun fún un lójú ọ̀nà, má bá mi bẹ̀ ẹ́, má rọ̀ ọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ alárinà. Bó bá fẹ́ bú mi, ẹ jẹ́ kó bú mi lójú gbogbo yín. Bó bá jáde tí kò padà wá mọ́, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin, ẹ sún, ẹ fún un ní àga tó súnmọ́ mi. Ẹ gbé mi dìde jókòó.

Dulo, wọlé. Rárá, fi àga yẹn sílẹ̀, jókòó. Na ọwọ́ rẹ, ọwọ́ òsì. Ó pẹ́ tí wọ́n ti rán mi sí ọ, èmi ni mi ò jẹ́ ẹ. Hendrik ló rán mi. Ó ní òun lòun ṣì í, kì í ṣe ìwọ. Ó ní òun máa wá tọrọ àforíjì níbi tí òun ti bú ọ gan-an, lójú gbogbo wọn. Ó ní ojú ń ti òun débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun òun. Ó sì ní kí n fún ọ ní èyí.